Ibi Tó Gba Omi Lára Mọ́tò Màmá

Ẹsẹ̀ Màmá Agbẹ̀bí méjèèjì nìkan ni mo ń rí. Ìyókù ara wọn wà lábẹ́ mọ́tò, lórí rọ́bà pupa tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin tó bá fẹ́ bímọ. Bàtà ọ̀tún ti bọ́, tòsì ṣì wà lẹ́sẹ̀, ọmọ ìka wọn ń ká, ó ń nà, bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo agbára fa nǹkan kan lábẹ́ ibẹ̀. Òórùn epo bẹntiróòlù ti gba gbogbo ibẹ̀, ó pò mọ́ ti kòkó tí àwọn kan fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò mọ́lẹ̀ nínú oko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn mi, lábẹ́ igi kòkó, ìyá mi jókòó sórí ẹní, wọ́n di ẹ̀ka igi mú, wọ́n ń mí gúlegúle. Èmi dúró láàárín àwọn méjèèjì, mo gbá fúláàsì omi gbígbóná mọ́ àyà. Ohun kan wà tí ìkankan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì mọ̀. Èmi ni mo ba mọ́tò náà jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kí n tó jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn fún yín.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ilé wọn àti ilé wa kọjú síra ní Òdòdé, lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí àpáta ti ń ṣíji bo òrùlé títí oòrùn fi máa ga. Tọmọdé tàgbà àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Màmá, torí ọwọ́ wọn ni ìdajì wa bọ́ sí nígbà tí a dé ayé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, wọ́n kàwé, wọ́n máa ń fi okùn so awò ojú wọn mọ́ ọrùn, wọn kò sì fẹ́ràn ariwo. Bí ara wọn bá balẹ̀, Yorùbá inú ìwé ni wọ́n máa ń sọ. Bí mọ́tò bá múnú bí wọn, èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ni wọ́n fi ń bá a jà, àwa ọmọdé á sì sá sẹ́yìn ògiri ká lè gbọ́ dáadáa.

Ọkọ wọn ló ra mọ́tò náà kó tó kú. Àgbà mọ́tò ni, aláwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú. Ní àràárọ̀, tí Màmá bá ti gbálẹ̀ ojúlé wọn tán, wọ́n á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá tẹ etí sí i, wọ́n á dijú. Ìyá mi sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọkàn ọmọ nínú aboyún nìyẹn. Mo bi Màmá nígbà kan pé ta ló kọ́ wọn níṣẹ́ mẹkáníìkì. Wọ́n ní ìyà ni. Wọ́n ní mẹkáníìkì á ní kí èèyàn padà wá lọ́tùnla, aboyún kì í sì í dúró de ọ̀tunla.

Ní tiwa, Aláàdúrà ni wá. Kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá bàbá mi, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wòlíì ìjọ wa ń gbàdúrà sí i, kò sì sí ohun tí a kì í bu omi náà wọ́n. Ewúrẹ́ tí kò jẹun, a ó bu omi wọ́n ọn. Ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń fín kòkó bá ń ṣe ségesège, a ó bu omi wọ́n ọn. Èmi fúnra mi, bí ìdánwò bá kù sí ọ̀la, odindi ife kan ni mo máa ń mu. Ẹ má fi wá ṣẹ̀sín o. Nígbà míì, ewúrẹ́ náà á jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ lọ́dún náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọdún méjì ṣáájú ni ìyá mi ti rọbí, mọ́tò tí a háyà sì kú sójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Kí wọ́n tó rí òmíràn, ó ti pẹ́ jù. Ọmọ náà jáde, kò ké. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí ṣàlàyé. Aṣọ ọmọ tí a ti fọ̀, tí a ti ká, ni mo rí tí ìyá mi ń kó padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ká, wọ́n á wá fi sí i. Màmá kò sí nílé lọ́sẹ̀ náà, wọ́n wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Èkó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wá sílé wa, wọ́n jókòó ti ìyá mi. Wọ́n wá dìde.

“Èyí tó ń bọ̀,” ni wọ́n wí, “mọ́tò tèmi ló máa gbé e.”

Èyí tó ń bọ̀ sì bọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí oyún ṣe ń tóbi ni mọ́tò Màmá ń húkọ́. Bó bá ti fẹ́ gun òkè, á rọ́, á fò, á tún rọ́. Màmá ṣàlàyé fún ìyá mi pé fílítà epo ló dí. Nǹkan kékeré kan ni, kò ju agolo mílíìkì lọ, abẹ́ mọ́tò ló wà, lẹ́bàá táǹkì. Inú rẹ̀ ni epo máa ń gbà kó tó dé ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ló sì ti ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá ti kún un, epo kò ní ráyè kọjá. Wọ́n ti ra tuntun wá láti Àkúrẹ́, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n tì í sábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ni kò gbà kí wọ́n yọ òun. Páìpù rọ́bà tó wọ̀ ọ́ lórí ti gan mọ́ ọn, kílíìpù rẹ̀ ti dípẹtà. Mẹkáníìkì kan ní Aládé fà á títí tí òógùn fi bò ó, ó ní bí òun bá tún fà á, páìpù á já, kò sì sí irú páìpù yẹn lọ́jà mọ́. Màmá náà wọ abẹ́ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n jáde lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé mọ́tò náà ṣì lè gbé wa dé Àkúrẹ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ọkàn mi kò balẹ̀.

Dókítà ní Àkúrẹ́ sì ti sọ pé ọmọ náà kò dorí kodò, ìdí ló fi jókòó sínú. Ó ní bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n máa gbé ìyá mi bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní òun á gbẹ̀bí irú rẹ̀ sílé. Màmá tó ti gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi ń múra àtilọ sí abà, ìyá mi sọ fún wọn pé ẹ̀rù mọ́tò náà ń ba òun. Bàbá mi ní kí a máa gbàdúrà sí i, àwọn á ti dé kí oṣù tó pé. Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n lọ. Nínú gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, èmi nìkan ni mo ṣe ohun tí wọ́n wí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ wọn. Epo wọ́n gan-an lásìkò náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ, kí èyí tó wà nínú táǹkì má bàa tán. Mo bu omi àdúrà kún ìgò ńlá kan, mo mú àrọ tí a fi ń da kẹrosíìnì, mo sọdá. Ìdérí táǹkì kò ní kọ́kọ́rọ́, okùn ni wọ́n fi so ó. Mo tú u. Mo ka Sáàmù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ sórí, mo da ìdajì omi náà sí i, mo sì fọwọ́ gbá mọ́tò náà lára, mo ní kó má kú sọ́nà. Ìdajì tó kù, mo tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé mi, bóyá ti àkọ́kọ́ kò ní tó. Mo sùn dáadáa. Ẹni tó bá ti ṣe ojúṣe rẹ̀ ní í sùn bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ni ìrọbí mú ìyá mi, oṣù kò tíì pé. Kùrukùru ṣì bo orí àpáta nígbà tí mo sáré sọdá lọ kanlẹ̀kùn. Màmá gbé báàgì iṣẹ́ wọn tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ẹni tí wọ́n lè fi mí tì, ni wọ́n bá ní kí n gbé fúláàsì àti ẹní, kí n wọlé. Mo gbé báàgì ilé ìwé mi pẹ̀lú. Kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́, mọ́tò dáhùn. Inú mi dùn dé gongo. A kọjá Aládé, kò húkọ́ rárá, mo sì jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mò ń wo ìta bí ẹni tó ni mọ́tò.

A kò tíì fi Aládé sílẹ̀ púpọ̀ tó fi rọ́. Ó fò, ó tún rọ́, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú. Màmá darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú eré tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo nǹkan wá dákẹ́. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n kàn sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ó tún ti dé.” Títí dòní, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó mẹ́rin yẹn.

Màmá sọ̀kalẹ̀, ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó wo mọ́tò. Wọ́n gbé ọwọ́ lé inú ìyá mi, wọ́n wo aago, wọ́n dúró de ìrora kan, wọ́n dúró de ìkejì. Wọ́n ní àyè díẹ̀ ṣì wà. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kòkó. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní òun lè gbé ìyá mi. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ń rọbí kì í gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà oníhò yìí, kó bá wa padà sí Aládé lọ wá mọ́tò tó bá ní epo nínú. Ó yí padà, ó lọ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kù, àti mọ́tò tó ti kú, àti fílítà tuntun lábẹ́ ìjókòó.

Bí Màmá ṣe tẹ́ rọ́bà ìgbẹ̀bí wọn sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi píláyà sẹ́nu, tí wọ́n wọ abẹ́ mọ́tò. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá kílíìpù jà. Ọ̀kan tú. Èkejì dá sí méjì. Wọ́n wá di páìpù mú, wọ́n fà á, ó kọ̀. Èdè Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ibẹ̀, mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún fà á, ó tún kọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wọn dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n jáde, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n lọ gbé ọwọ́ lé inú ìyá mi, wọ́n tún wo aago. Àyè tó wà ti ń kéré sí i, mo rí i lójú wọn.

Wọ́n gba fúláàsì lọ́wọ́ mi. Omi tí a gbé dání fún ìyá mi láti fi mu tíì ni. Wọ́n da á sórí àkísà tó mọ́, wọ́n fún un, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú mi sún mọ́ ojú wọn débi tí mo fi ń gbóòórùn róbù tí wọ́n fi pa orúnkún. Wọ́n fi àkísà gbígbóná náà wé páìpù mọ́ orí fílítà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, wọn kò sì ṣe nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

“Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni wọ́n wí, bóyá èmi ni wọ́n ń bá wí, bóyá fílítà ni. “Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti mọ èyí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo sì ń fà á bí ẹranko. Má fà á. Yí i.”

Wọ́n rọra yí páìpù náà sọ́tùn-ún, díẹ̀. Wọ́n yí i sósì, díẹ̀. Wọ́n tún fi omi gbígbóná kún àkísà. Ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ wá yí padà, ó di ohùn tí wọ́n fi ń bá obìnrin tó ń rọbí sọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lábẹ́ igi kòkó ni. Wọ́n ní ó káre, ó kù díẹ̀, kó má kánjú. Nígbà tó yá, rọ́bà náà ró fíìn, ó sún. Ó jáde. Epo tú jáde, ó ń ṣàn bá apá Màmá lọ sí ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fi àtàǹpàkò dí ẹnu páìpù náà. Fílítà tó ti ń ṣagídí láti oṣù mélòó kan ló wá wà lọ́wọ́ wọn, ó dúdú, ó wúwo fún ìdọ̀tí.

Wọ́n ní kí n gbé ike funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sábẹ́ páìpù. Wọ́n ṣí àtàǹpàkò wọn, ohun tó kọ́kọ́ jáde pọ́n bíi ìpẹtà. Nígbà tí ike fẹ́ kún, wọ́n dí i padà, wọ́n ní kí n gbé e síta sínú oòrùn, kí n máa wò ó, kí n wí ohun tí mo bá rí.

Mo gbé e dúró lórí àpáta kékeré kan. Mo wò ó. Kò pẹ́ tó fi pín sí méjì lójú mi. Epo lé sókè, ohun kan tó mọ́ jókòó sísàlẹ̀, ó ga tó ìka méjì, ìpẹtà sì tò sí ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi ohun tó jẹ́. Omi mi ni. Mo wo ìyá mi lábẹ́ igi, wọ́n dijú, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run, mo wá rántí aṣọ ọmọ tí wọ́n ń ká padà sínú àpótí. Mo mọ̀ pé bí ọmọ yìí náà kò bá ké, èmi ni mo pa á.

Màmá ti fi àkísà dí ẹnu páìpù, wọ́n jáde, wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n gbé ike náà sókè sí oòrùn. “Omi,” ni wọ́n wí. Wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wo okùn ìdérí táǹkì tí mo so padà bí ọmọdé ṣe ń so okùn bàtà. Wọ́n wá wò mí. Mo ti ń sunkún.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀: kẹ́ẹ̀gì, àrọ, Sáàmù, ìdajì tó kù nínú báàgì. Mo ń retí ìgbátí. Ìgbátí ni mo fẹ́ gan-an, kí nǹkan náà lè tán. Màmá kò gbá mi létí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi ṣe déédéé.

“Kí lo fẹ́ kó ṣe?”

“Kó má kú sọ́nà, mà. Kí ọmọ lè ké.”

Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e padà.

“Gbọ́ mi,” ni wọ́n wí. “Omi àdúrà kò ṣẹ̀. Ohun tí o fẹ́, ohun tí èmi náà fẹ́ ni. Ibi tí o dà á sí ni kò gba omi. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló wà, ẹnu ọ̀nà gan-an ló jókòó sí, òun ló sì máa kọ́kọ́ jáde. Nu ojú rẹ. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ lò.”

A padà sábẹ́ mọ́tò. A jẹ́ kí omi náà dà, a da ike kan nù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a tún gbé e sábẹ́ rẹ̀, títí ohun tó ń jáde fi mọ́ tó sì ń rùn bí epo nìkan. Màmá tú ìwé ìròyìn lára fílítà tuntun. Wọ́n mú ìka mi, wọ́n fi tọ ọfà kékeré tó wà lára rẹ̀, wọ́n ní ibi tí epo ń lọ ni ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí, kì í ṣe ibi tó ti ń bọ̀. Wọ́n tì í wọ páìpù níwájú, wọ́n tì í wọ ọ́ lẹ́yìn. Kílíìpù kan wà, èkejì ti dá. Màmá ronú díẹ̀, wọ́n ní kí n ṣí báàgì iṣẹ́ àwọn, kí n mú òwú funfun inú ọ̀rá wá. Òwú tí wọ́n fi ń so ìwọ́ ọmọ ni. Wọ́n fi wé orí páìpù náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n fà á le, wọ́n ta á ní kókó. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ọ́ yí ká. Kò jò.

Mo rò pé ó parí. Ni Màmá bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àkísà ṣí ìdérí rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n ní kí n mú omi tó kù wá. Mo lọ́ra. Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni. Wọ́n tún un sọ, pé bí èèyàn bá fẹ́ fi omi àdúrà ta mọ́tò lọ́rẹ, ibí yìí ló gbà á, òùngbẹ rẹ̀ sì ń gbẹ ẹ́. Mo gun bọ́ńpà, mo da ìdajì ìgò náà sí rédíétọ̀, ó ń ró gbulugbulu wọlé. Màmá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pariwo, sọ pé, “Àmín.”

Ọlọ́kadà kò tíì padà dé, a gbé ìyá mi wọlé. Kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́, mọ́tò kọ̀. Ìkejì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a. Màmá dúró, wọ́n ní epo ṣì ń rìn bọ̀ ni, ẹ jẹ́ kó dé. Ìkẹta, ó gbà. Ó rọ́, ó gbọ̀n, ó pọ ìyókù omi jáde, ó sì gbéra. Ìyá mi béèrè ohun tó ṣe é. Màmá kò wẹ̀yìn. Wọ́n ní omi wọ inú epo, ó ti jáde. Wọn kò sọ ju ìyẹn lọ.

Nílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì tí Màmá ti kọ́ níṣẹ́ nígbà kan ló gba ìyá mi lọ́wọ́ wa. Wọn kò jẹ́ kí Màmá wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún epo. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, àwa méjèèjì, aṣọ wa dúdú, mo sì fi ọwọ́ mi lé tiwọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àkókò, a gbọ́ igbe kan láti inú, ó tín-ín-rín, ó kún fún ìbínú, kò sì dáwọ́ dúró. Màmá fún ọwọ́ mi pọ̀. Wọ́n ní, “Ó ké.” Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí bí àgbà ṣe ń sunkún láìpariwo.

Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́ báyìí. Bí ọmọ kan bá ba nǹkan jẹ́ ní kíláàsì mi, ìbínú mi yá, ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ fún yín. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í: kí lo fẹ́ kó ṣe? Ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni ìdáhùn ti gba ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́nu mi. Mo ní mọ́tò tèmi náà, òwú funfun wà nínú rẹ̀, mẹkáníìkì mi sì máa ń bínú pé kí n yéé da omi ìjọ sí rédíétọ̀, omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà ni kí n máa lò. Mo máa ń ní mo ti gbọ́. Díẹ̀ lásán ni mo ń dà sí i.

Ní ọdún Àjíǹde tó kọjá, àbúrò mi fi mọ́tò mi gbé mí lọ sí Òdòdé láti lọ kí Màmá. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, adìẹ ti ń yé ẹyin sínú mọ́tò aláwọ̀ ewé náà. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ojú àbúrò mi títí dé irùngbọ̀n, wọ́n bi í pé ta ni. Mo ní èyí tí a gbé lọ sí Àkúrẹ́ ni. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹni tí a fi òwú ìwọ́ rẹ̀ di mọ́tò.” Àbúrò mi wò mí, kò yé e. Ìyá mi gan-an kò tíì mọ̀ dòní. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Màmá fà mí sún mọ́ ẹnu wọn, wọ́n bi mí bóyá omi wà nínú rédíétọ̀. Mo ní ó wà, mà.

Lójú ọ̀nà, a yà sí ilé epo. Àbúrò mi gbé gíláàsì sókè, ó fọwọ́ bo imú, ó ní òun kò fẹ́ràn òórùn yìí rárá. Èmi sọ tèmi kalẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni mo padà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ mi, àbúrò mi sì ń ké.